Ọjọ́ Iwájú Ìlànà SDH Lórí Okùn Gíláàsì

Ìlànà kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí a fi ń to ọ̀rọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbé gba inú okùn gíláàsì kọjá. SDH ni orúkọ rẹ̀. SONET ni ọmọ ìyá rẹ̀ tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà. Ó ti di ògbólógbòó, àwọn kan sì ní kí a wó ilé náà. Èmi kò ta kò wọ́n. Ẹni tí ó ṣì ń gbé inú rẹ̀ ni mo ń bèèrè.

Ní 1988 ni CCITT, ìgbìmọ̀ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù nígbà náà, fọwọ́ sí i. Ohùn ènìyàn ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀. Ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni tẹlifóònù ń wọn ohùn wa kí ó tó sọ ọ́ di iye. Ìgbà 8,000 náà ni ẹrù ń gbéra lórí SDH, ì báà kún, ì báà ṣófo. Ó dà bí ọkọ̀ ojú irin tí ń ṣí nígbà tí aago rẹ̀ bá lù. Ìlànà Ethernet tí ó ń gba ipò rẹ̀ dà bí danfo: bí èrò bá wà, ó ń lọ, bí kò bá sí, kò lọ, bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá sì mú un lọ́nà, yóò dúró. Danfo kì í rin òfìfo, owó rẹ̀ sì kéré. Ìdí nìyẹn tí ó fi borí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo wáyà iná alágbára ńlá tí ó ti ìlú kan dé òmíràn. Ẹ̀rọ olùṣọ́ kan wà ní orí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ń sọ iye iná tí ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ẹnìkejì. Bí iye tí ó wọlé bá bá èyí tí ó jáde mu, àlàáfíà ni. Bí kò bá bá a mu, wọn a já iná lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n tó lè fi méjèèjì wéra, wọ́n ní láti mọ ìgbà tí iṣẹ́ ẹnìkejì gbéra. Púpọ̀ nínú wọn a ránṣẹ́ lọ, wọn a gba èsì, wọn a sì pín àkókò náà sí méjì. Ìṣirò yìí tọ̀nà bí àlọ àti àbọ̀ bá dọ́gba, SDH sì mú kí èyí rọrùn láti ṣètò. Bí àbọ̀ bá pẹ́ ju àlọ lọ, ẹ̀rọ lè rí àrùn níbi tí àrùn kò sí, kí ìlú sì ṣókùnkùn láìnídìí. (Àwa tí a mọ òkùnkùn kò ní bèèrè bí ó ti ń rí.)

Wọn yóò sọ fún mi pé IEEE 1588 ti wà láti 2002 láti mú aago bá ara wọn dọ́gba lórí Ethernet. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òun náà gbà pé àlọ àti àbọ̀ dọ́gba, àfi bí ẹ̀rọ tí ó wà lójú ọ̀nà bá ń ṣírò ìdádúró tirẹ̀. Danfo kan ṣoṣo tí kò ní aago lè ba ìṣirò náà jẹ́.

N kò sọ pé kí a jókòó tì í. Ohun èlò SDH ti ń wọ́n, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe sì ń fẹ̀yìn tì. Ẹni tí ó bá ni okùn ní láti kọ orúkọ gbogbo ohun tí ń gba orí SDH rẹ̀ sílẹ̀, kí ó tẹ́ ọ̀nà tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́, kí ó sì wọn àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Kí ó kọ́kọ́ kó ohùn àti íntánẹ́ẹ̀tì kúrò. Wáyà iná ni kí ó kó kẹ́yìn.