Nígbà Tí Ìròyìn Bá Pẹ́ Dé Ọ̀dọ̀ Ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí ẹ̀rọ tí ń darí ẹ̀rọ mìíràn, àti ewu tí ó wà níbẹ̀ bí ìròyìn bá ń pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹni tí ó ń tu ọkọ̀ ńlá lórí omi mọ èyí dájú. Bí ó bá yí imú ọkọ̀ sí ọ̀tún, ọkọ̀ kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá ní sùúrù, tí ó tún yí i sí i, ọkọ̀ yóò kọjá ibi tí ó yẹ. Òun yóò sáré dá a padà, yóò sì tún kọjá ààlà ní òdìkejì.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ amúnáwá tí a ń rà ní ọjà Alábà. Apá kékeré kan wà lára rẹ̀ tí ń ṣọ́ eré rẹ̀. Bí a bá tan fìríìjì, eré á dínkù, apá náà á sì ṣí epo sí i. Ṣùgbọ́n bí ìdọ̀tí bá dí ọ̀nà epo, ẹ̀rọ kò ní tètè dáhùn. Nígbà tí yóò bá dáhùn, eré á pọ̀ jù, a ó sì tún pa epo dé. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń gbọ́ tí ẹ̀rọ ń ké sókè-sódò, tí gílóòbù sì ń ṣẹ́jú. Ẹ yọ fìríìjì yín kí ó má baà jó, kí ẹ sì pe mẹkáníìkì láti fọ ọ̀nà epo.

Ní ọdún 1957, Otto Smith ní Yunifásítì California gbé ọ̀nà kan jáde: kí olùdarí máa ṣe ìṣirò ohun tí àṣẹ rẹ̀ yóò mú wá, kí ìròyìn tó padà dé. Ọ̀nà náà dára bí ìdádúró bá jẹ́ iye kan náà nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n ìròyìn tí a fi rédíò rán lè yá nísinsìnyí, kí ó sì pẹ́ láìpẹ́ sí i.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń ṣe. Èkínní, wọ́n ń fi ìdádúró tí ó gùn jù lọ ṣe ìṣirò. Èkejì, wọ́n ń kọ àkókò sí ara ìròyìn kọ̀ọ̀kan, kí olùdarí lè dẹ ọwọ́ bí ìròyìn bá ti pẹ́. Ẹ̀kẹta, bí ìròyìn kò bá dé rárá láàárín àkókò tí a dá, ẹ̀rọ á dúró fúnra rẹ̀.

Ọ̀ràn yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ojú irin Blue Line, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láàárín Marina àti Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ni a là sílẹ̀ láti dé Okokomaiko, kìlómítà 27 lápapọ̀. Ọkọ̀ ojú irin wúwo. Kì í dúró lójú ẹsẹ̀ tí a bá tẹ bíréèkì. Ní àwọn ìlú tí a ti ń fi rédíò darí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ìròyìn bá já, ọkọ̀ á tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀. Èrò tí ń kánjú lè bínú, ṣùgbọ́n ìdúró náà ni ó ń dá ẹ̀mí sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi ọkàn sí ìṣirò ní ilé-ìwé, nítorí òun ni a fi ń mọ bí a ti í dúró de ìròyìn. Àwọn baba wa ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ̀rọ pàápàá kò yọ sílẹ̀ nínú òfin yìí.