Bí A Ti Í Kí Ẹni tí Ìpọ́njú Dé Bá



Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí í dà bí rere létí ẹni tí ń sọ ọ́, tí í sì í jẹ́ ọfà lára ẹni tí ń gbọ́ ọ. Mo mú un wá síwájú yín nítorí pé àwa náà a máa lọ ṣìpẹ̀ lóòrèkóòrè.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò, Ọ̀fà àti Ìníṣà, tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìgbà baba wọn. Ìyá mi àgbà wà lára wọn. Owó pọ́ọ́kú ni ó ta aṣọ ọjà rẹ̀ ní Kumasi, nítorí àwọn tí ń rà á mọ̀ pé kò ráyè dúró nájà.

Nígbà tí ó dé Ògbómọ̀ṣọ́, èrò wá kí i pé, "Ẹ kú ewu." Kò pẹ́ tí wọ́n fi bi í pé, "Kí lẹ kó bọ̀?" Àwọn mìíràn ní ṣebí àwọn ti wí fún un pé kí ó kọ́lé sílé. Àwọn kan fi àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí èdè Twi tí ń bẹ lẹ́nu wọn. Gbogbo wọn ni wọ́n sì rò pé ìṣìpẹ̀ ni àwọn wá ṣe!

Àgbà obìnrin kan ṣoṣo ní agboolé ni kò béèrè ohunkóhun. Ó gbé omi gbígbóná fún un láti fi wẹ̀, ó ro àmàlà, ó sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, ó fún un ní ọṣẹ láwìn, ó ní, "Gbà á tà ná, ìyàwó. Ẹni tí ó tajà ní Kumasi kò ní í ṣe aláìmọ ọjà tà níhìn-ín." Ìyá àgbà a máa wí pé gbólóhùn yìí ni ó gbé òun dìde, ju ọṣẹ náà lọ. Ẹni tí ìpọ́njú bá kì í fẹ́ kí a máa káàánú òun ṣáá. Ó ń fẹ́ ẹni tí yóò rántí ohun tí òun mọ̀ ọ́n ṣe.

Ṣùgbọ́n kí a má fi Gánà nìkan ṣe ẹni búburú. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ará Gánà ni ó di ẹrù lọ. Títí dòní ni a ń pe àpò ẹrù kan ní "Ghana Must Go", tí a sì ń rẹ́rìn-ín sí i.

Télọ̀ kan tí ó jẹ́ ará Gánà wà ní àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ síta fún títà, àwọn ènìyàn sì ń ná an lówó pọ́ọ́kú. Ìyá àgbà fi Twi kí i. Ó bi í ní iye tí ó rà á, ó sì kà á lé e lọ́wọ́ láìdín kọ́bọ̀ kan. Ẹ̀rọ náà ṣì wà nílé wa. N kò rí ẹni tí ó fi rán aṣọ rí.