Inú Rírun ní Táíwò Road

[OHÙN: fèrè kẹ̀kẹ́ Márúwá, ìpolówó ọjà, ìgò tó ń kan ara wọn]

OLÓÒTÚ: Àárọ̀ ni ní Táíwò Road, nílùú Ìlọrin. Àwọn onísọ́ọ̀bù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti ń pe èrò. Ìyá alágbo ti to ìgò sórí àtẹ: ti ibà, ti ọ̀pá ẹ̀yìn, ti jẹ̀díjẹ̀dí. Ọmọbìnrin kan tó di ikùn mú kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ kú àárọ̀, Màmá. Ẹ bá mi bu ti inú rírun." Màmá ò tíì gbé ìgò. "Ṣé o ti jẹun? Àbí nǹkan oṣù ẹ ló dé?"

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ìbéèrè kejì yẹn la bá wá lónìí. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa, bí inú bá ti run èèyàn, ulcer ni, tí kì í bá ṣe jẹ̀díjẹ̀dí.

Ìrora inú lọ́hùn-ún kò dà bí ti awọ ara. Bí ọ̀bẹ bá géni níka, ojú ibẹ̀ gan-an la ó nawọ́ sí. Ṣùgbọ́n àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn láti inú ìfun kéré níye, wọ́n sì ń bá ti ilé ọmọ àti àpò ìtọ̀ pàdé nínú ọ̀pá ẹ̀yìn kí ọ̀rọ̀ tó dé ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí obìnrin fi ń sọ pé gbogbo ìsàlẹ̀ ikùn ló ń ro òun, tí kò sì lè tọ́ka sí ojú kan.

Họ́mónù abo ń dá sí ìròyìn náà. Bí nǹkan oṣù bá kù dẹ̀dẹ̀, ẹ́sítírójìn àti projẹ́sítírónù á já wálẹ̀. Ilé ọmọ á wá tú èròjà tó ń jẹ́ prostaglandin jáde. Òun ló ń mú kí ilé ọmọ máa sún kì, ó sì ń ru ìfun sókè pẹ̀lú. Ìgbẹ́ gbuuru tó ń bá nǹkan oṣù rìn kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ṣúgà.

[OHÙN: ariwo ọjà rọlẹ̀]

Àìsàn kan wà tí dókítà ń pè ní IBS: inú á máa run èèyàn, ìgbẹ́ á dà rú, wọ́n á yẹ ìfun wò, wọn ò ní rí ọgbẹ́. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2009 láti ìlú Jos, bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló ní àmì rẹ̀. Ní 2002, àwọn olùwádìí ní Manchester fi bàlúùnù kékeré wò ó bí ìdí àwọn obìnrin tó ní IBS ṣe ń mọ ìrora sí. Lásìkò nǹkan oṣù, afẹ́fẹ́ tí kò tó nǹkan nínú bàlúùnù náà ti ń dùn wọ́n. Àwọn tí ara wọn dá ṣáká kò rí ìyàtọ̀. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà: họ́mónù nìkan kọ́ ló ń ṣe é.

Másùnmáwo ń bá a lọ́wọ́ sí i. Àjọ tó yẹ ní sísan, owó ilé, ọmọ tí wọ́n lé wálé nítorí owó ilé ìwé. Ọpọlọ á ránṣẹ́ sí ẹran kékeré tó jókòó lórí kíndìnrín, kọ́tísọ́ọ̀lù, họ́mónù másùnmáwo, á sì tú sẹ́jẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, oore ni. Bó bá di ojoojúmọ́, iṣan inú á máa ké lórí ohun tí kò tó ké sí. Ní Oklahoma, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí fi họ́mónù másùnmáwo sí ibi tí ẹ̀rù ń gbé nínú ọpọlọ eku. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ìfun, síbẹ̀ ìfun bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìrora ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú ìwádìí mìíràn, abo eku tí wọ́n yọ ilé ẹyin rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìrora inú mọ́, àfìgbà tí wọ́n fún un ní ẹ́sítírójìn.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún obìnrin pé àṣejù ló ń ṣe, kò mọ ohun tó ń sọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ibuprofen àti diclofenac. Wọ́n ń dín ìrora nǹkan oṣù kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé wọn mì lójoojúmọ́ lè fi dá ulcer gidi sílẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ẹ bá ń rù láìnídìí, bí ìrora bá ń jí yín lóru, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ kọ ọjọ́ tí inú run yín, ọjọ́ tí nǹkan oṣù dé, àti ohun tó ń dà yín láàmú lọ́jọ́ náà sílẹ̀ fún oṣù méjì. Ẹ mú ìwé yẹn lọ bá dókítà.