Okùn USB: Kọ̀ǹpútà Ń Bèèrè, Ẹ̀rọ Ń Fèsì

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ẹni tó bá ra ẹ̀rọ tuntun fún kọ̀ǹpútà rẹ̀, iṣẹ́ ló rà. Ojú tí wọ́n ń so kíbọ́ọ̀dù mọ́ yàtọ̀ sí ti máòsì. Ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fẹ̀, ihò 25 ló ní. Nígbà mìíràn, àfi kí wọ́n tú ara kọ̀ǹpútà, kí wọ́n fi káàdì sí i nínú, kí wọ́n sì tún un tàn, kó tó dá àlejò náà mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí sú Ajay Bhatt, ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Intel ní Amẹ́ríkà. Ohun tó ń wá ni ojú kan ṣoṣo tí gbogbo ẹ̀rọ á máa lò. Ilé-iṣẹ́ 7 ló pawọ́ pọ̀ lórí rẹ̀: Compaq, DEC, IBM, Intel, Microsoft, NEC àti Nortel. Oṣù Kìíní ọdún 1996 ni ìlànà USB àkọ́kọ́ jáde.

Waya mẹ́rin péré ló wà nínú okùn ìgbà náà. Méjì ń gbé iná, méjì ń gbé ọ̀rọ̀, bíìtì kan (ègé ọ̀rọ̀ tó kéré jù lọ) tẹ̀lé òmíràn.

Ọgbọ́n ibẹ̀ wà nínú ẹni tó láṣẹ láti sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tó tó 127 lè wà lábẹ́ kọ̀ǹpútà kan. Bí gbogbo wọn bá pariwo pọ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ra. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà ló ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ní kíláàsì. Ẹni tí wọn ò pè kì í dáhùn.

Tí wọ́n bá ti ẹ̀rọ bọ ojú USB, iná tó gòkè lára ọ̀kan nínú àwọn waya ọ̀rọ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ pé àlejò dé. Nọ́ńbà òdo ni àlejò náà ń jẹ́ títí kọ̀ǹpútà fi máa fún un ní tirẹ̀. Ìbéèrè á wá bẹ̀rẹ̀: ta ló ṣe ọ́? Irú iṣẹ́ wo lo ń ṣe? Báwo ni iná tó o máa mu ṣe pọ̀ tó? Ìdáhùn yìí ló ń jẹ́ kó mọ ètò tó máa fi darí rẹ̀. Bó bá jẹ́ máòsì, kọ̀ǹpútà lè bi í ní ìgbà 125 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan bóyá ó ti yẹsẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò rọrùn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1998, Microsoft ń fi Windows 98 han àwọn èèyàn ní Chicago. Bí wọ́n ti fi USB so skánà mọ́ kọ̀ǹpútà báyìí, ojú rẹ̀ di búlúù, iṣẹ́ dúró níṣojú Bill Gates, ọ̀gá Microsoft. Àmọ́ nígbà tó di oṣù Kẹjọ, Apple gbé iMac jáde, ó yọ àwọn ojú àtijọ́ kúrò, ó fi USB rọ́pò wọn. Làwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ bá gba ibẹ̀ lọ.

Láti bíìtì mílíọ̀nù 12 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, USB 2.0 gbé ìyára rẹ̀ dé mílíọ̀nù 480 lọ́dún 2000. Ó wá ku ti ẹnu okùn tí wọ́n máa ń yí síwá sẹ́yìn kó tó wọlé. Bhatt ṣàlàyé pé kó tó lè wọlé lójú méjèèjì, waya rẹ̀ á di ìlọ́po méjì, owó rẹ̀ á sì gòkè. Ọdún 2014 ni USB-C yanjú ìyẹn, láti ìparí ọdún 2024 sì ni òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ní òun ni kí fóònù tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ máa fi gba iná.