Ẹ Kọ́ Ọmọ Adìẹ Ní Ilé Kí Ilẹ̀ Tó Ṣú
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará wa sọ ní Santasi, Kúmásì

Ọ̀rọ̀ adìẹ ni mo bá wá. Ó lè kéré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi owó ọjà ra òròmọdìẹ 20, tí ó bọ́ wọn fún oṣù 2, tí ó sì jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ó bá ìyẹ́ nílẹ̀, mọ̀ pé owó ilé-ìwé ọmọ ni ẹtà gbé lọ.

Santasi kì í ṣe abúlé mọ́. Ilé ti fara kan ilé. Adìẹ tí ó bá sùn sórí igi máńgòrò aládùúgbò lónìí lè di ẹjọ́ lọ́la. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí olúkúlùkù wa mọ bí a ti ń kọ́ ọmọ adìẹ láti wọ ilé rẹ̀ lálẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí adìẹ fi ń gun igi. Inú igbó ilẹ̀ Éṣíà ni ìran adìẹ ti ṣẹ̀ wá. Orí igi ni àwọn baba ńlá wọn ń sùn kí ẹranko má baà pa wọ́n jẹ. Ààbò ni adìẹ ń wá tí ó fi ń lọ sókè. Òròmọdìẹ tí àgbébọ̀ pa a máa tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n èyí tí a fi ẹ̀rọ pa, tí a rà nínú páálí, kò ní ìyá tí yóò fi ọ̀nà hàn án. Àwa ni ìyá rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 àkọ́kọ́, ooru ni ó ń fẹ́ jù. Ẹni tí ó bá ń lo iná eedú, kí ó rí i pé afẹ́fẹ́ ń wọlé dáadáa. Nígbà tí ìyẹ́ bá bo ara wọn tán, ẹ kó wọn sínú ilé adìẹ, kí ẹ tì wọ́n mọ́ ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko pẹ̀lú oúnjẹ àti omi. Ibi tí adìẹ bá ti jẹ, tí ó ti mu, tí ó sì sùn fún ọjọ́ 7, ibẹ̀ ni ó ń pè ní ilé.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ẹ ṣí ilẹ̀kùn fún wọn ní agogo 5 ìrọ̀lẹ́. Ní Kúmásì, ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ kì í jìnnà sí agogo 6, yálà ìgbà òjò ni tàbí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn; wọn kò ní ráyè rìn jìnnà. Kí ebi díẹ̀ wà nínú wọn. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ mi agolo àgbàdo, ẹ fi ohùn kan náà pè wọ́n lójoojúmọ́, kí ẹ sì da oúnjẹ náà sínú ilé wọn. Adìẹ kì í ríran dáadáa nínú òkùnkùn. Bí inú ilé bá ṣókùnkùn ju ìta lọ, ẹ̀rù yóò bà á láti wọ̀ ọ́. Ẹ gbé iná kékeré síbẹ̀ títí wọn yóò fi wọlé tán, kí ẹ tó pa á.

Èyí tí ó bá fò sórí igi, ẹ má ṣe sọ òkò lù ú. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì rọra gbé e wọlé. Bí ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lálaalẹ́, kò ní ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ó tó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ní àgbà adìẹ tí ó ti mọ ilé, ẹ fi í sí àárín wọn, nítorí adìẹ a máa wo ara wọn ṣe.

Àwọn àgbà ní adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Kí igi tí wọn yóò máa bà lé dúró gbọn-in. Kí ó nípọn tó íǹṣì 2, kí ẹ fá etí rẹ̀ kí ó má ṣe mú. Ẹsẹ̀ bàtà kan tó ní gíga fún àwọn kékeré, íǹṣì 8 sì ni àyè adìẹ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ máa yé, kí igi náà ga ju ìtẹ́ lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú ìtẹ́ ni wọn yóò máa sùn, wọn yóò sì máa yàgbẹ́ sí ẹyin lára.

Bí adìẹ tí ó ti mọ ilé bá ṣàdédé kọ̀ ọ́, ẹ bá ilé wí kí ẹ tó bá adìẹ wí. Ẹ gbé iná lọ wo ihò ara igi lóru, nítorí àwọn kòkòrò pupa kéékèèké kan wà tí í sá pamọ́ lọ́sàn-án, tí í jáde mu ẹ̀jẹ̀ adìẹ lóru. Ẹ wò bóyá ìjàlọ tàbí ejò ti rí ọ̀nà wọlé, tàbí bóyá ìgbẹ́ ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òórùn rẹ̀ ń ta wọ́n lójú.

Ẹni tí adìẹ rẹ̀ ń wọlé lè kà wọ́n lálaalẹ́. Yóò tètè rí èyí tí ń ṣàìsàn, yóò yà á sọ́tọ̀, yóò sì rọrùn fún un láti mú wọn nígbà tí oníṣègùn ẹran bá mú oògùn àjẹsára lùkúlùkú dé. Àrùn H5N1, tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 2006 tí ó sì dé Gánà ní ọdún 2007, ti kọ́ wa pé adìẹ tí ń rìn káàkiri, tí ó ń bá ẹyẹ igbó jẹun pọ̀, lè kó àrùn wọ agbo.

Àwọn àgbà tún ní kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ilẹ̀kùn tí a tì ní àṣálẹ́ ti lé akátá lọ. Ẹ lọ tún ilé adìẹ yín ṣe kí òjò tó dé.