Bí Oúnjẹ Bá Ń Há Lọ́fun, Ẹ Má Dúró Dìgbà Tí Omi Náà Á Há

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ ni mo mú wá, ìyẹn ihò tí òkèlè ń gbà láti ọ̀fun lọ sínú ikùn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látilé wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan kọ́kọ́ ní ẹran ń há àwọn lọ́fun. A ní eyín ni. Nígbà tó yá, iyán ò lọ mọ́, ó di àmàlà tó rọ̀. Àmàlà tún di ẹ̀kọ mímu. Inú wa ṣì ń dùn pé wọ́n ń rí nǹkan mu. Oṣù márùn-ún kọjá ká tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àrùn ti ràn dé ẹ̀dọ̀, iṣẹ́ abẹ ò ṣeé ṣe mọ́. Àwa ni a ò fura.

Mo sọ èyí torí fídíò táwọn ọmọ wa lókè òkun ń fi sórí WhatsApp, pé ihò kéékèèké ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí báyìí. Òótọ́ ni. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á la ikùn, wọ́n á la àyà láàárín egungun ìhà, wọ́n á gé ibi tí àrùn wà, wọ́n á fa àpò oúnjẹ gòkè láti fi rọ́pò rẹ̀. Ní báyìí, kámẹ́rà àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ lè ṣe iṣẹ́ kan náà.

Èrè wà níbẹ̀. Lọ́dún 2012, èsì ìwádìí kan jáde láti Netherlands, Spain àti Italy lórí aláìsàn 115. Nínú 100 tí wọ́n la àyà wọn, bíi 29 ni ẹ̀dọ̀fóóró wọn kó àrùn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú 100 tó gba ihò kékeré, bíi 9 ni. Ní 2019, ilẹ̀ Faransé gbé tiwọn jáde lórí aláìsàn 207. Ihò kékeré ni wọ́n fi ṣe ti ikùn nìkan, síbẹ̀ àwọn tí wàhálà ńlá bá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ dín kù láti 64 sí 36 nínú 100.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Nínú ìwádìí àkọ́kọ́ yẹn, nígbà tó di ọdún mẹ́ta, kò sí ìyàtọ̀ tó dájú láàárín iye àwọn tó ṣì wà láàyè lápá méjèèjì. Ihò kékeré ń dín ìyà iṣẹ́ abẹ kù. Bí àrùn ṣe jìnnà tó kí èèyàn tó dé ló ń pinnu ẹ̀mí jù. Ẹni tó bá pẹ́, wọn ò ní gbé e dé orí tábìlì yẹn rárá. Wọ́n lè fi páìpù kékeré la ọ̀nà fún un, tàbí kí wọ́n gbé rọ́bà oúnjẹ gba ara ikùn. Ìyẹn ń tuni lára ni, kì í wo àrùn náà.

Ẹ jọ̀ọ́, bí oúnjẹ bá ń há léraléra fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí ẹnì kan ń rù láìnídìí, ẹ gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò endoscopy. Wọ́n á fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà gba ẹnu wo inú. Wọ́n ń ṣe é ní UCH, Ìbàdàn. Ẹni tó bá fẹ́ lo àgbo, kó ṣe àyẹ̀wò ná. Àwa ará Òkè-Ògùn tí a mọ tábà dáadáa, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé tábà àti ọtí líle wà lára ohun tó ń fa àrùn yìí.

Ohun méjì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ẹgbẹ́ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún owó ọkọ̀ àti àyẹ̀wò àkọ́kọ́ fún àgbà tí kò ní. Ìkejì ò ná wa ní kọ́bọ̀: bí a bá pe ilé lálẹ́ òní, ká má kàn béèrè pé, “Ṣé ẹ ti jẹun?” Ká béèrè pé, “Kí lẹ jẹ, ṣé ó sì lọ geere?” Bí wọ́n bá ní ẹ̀kọ nìkan ló ń lọ, ẹ má sùn lé e.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí wa sí.