Kọ̀mpírẹ́sọ̀ Tuntun Nínú Lọ́rì Àtijọ́

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ wa bá àwọn awakọ̀ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka)

Irin tí ẹ rí lórí tábìlì yìí, kọ̀mpírẹ́sọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ni. Kò lò ju oṣù méjì lọ nínú lọ́rì tó fi kú. Awakọ̀ lọ́rì náà jókòó sáàárín yín, owó irin yìí sì ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ máa yọ nínú owó oṣù rẹ̀. Wọ́n ní òun ló bà á jẹ́. Mo ti tú u wò. Kì í ṣe òun. Ìdí rẹ̀ nìyí tí Akọ̀wé fi ní kí n wá ṣàlàyé.

Àwọn ọ̀gá kan máa ń sọ pé fáàrí ni amúlétutù nínú lọ́rì. Ẹ ní kí wọ́n wá jókòó sínú Mack àtijọ́ láti Apápá dé Ìlọrin lọ́sàn-án oṣù Ẹrẹ́nà. Ooru a máa kun ènìyàn lóorun, a sì máa mú ọwọ́ lọ́ra lórí ìtọ́kọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa tánkà mọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ lọ́rì Amẹ́ríkà àtijọ́, York ni kọ̀mpírẹ́sọ̀ wọn. Písítìnnì méjì ló ní, ó wúwo, ó sì máa ń gbọ̀n jìgìjìgì. Sanden ti ilẹ̀ Japan ni wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò rẹ̀. Písítìnnì márùn-ún tàbí méje ni tirẹ̀, wọ́n tò wọ́n yípo. Ó fúyẹ́, kì í sì í gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀. Ìtẹ̀síwájú gidi ni. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí púpọ̀ nínú àwa mẹkáníìkì kò kà sí, òun ló sì pa èyí tó wà níwájú yín. York ní ikùn tó ń tọ́jú ọ́ìlì tirẹ̀ sí, bíi ti ẹ́ńjìnnì. Sanden kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì tirẹ̀ ń bá gáàsì rìn ni: yóò jáde, yóò yí gbogbo páìpù ká, yóò sì padà wálé. Bí gáàsì bá jò, ọ́ìlì bá a lọ. Bí ìdọ̀tí bá dí ọ̀nà, ọ́ìlì kò padà dé, irin á wá máa lọ irin ní gbígbẹ.

Ìdọ̀tí wo? Nígbà tí York àtijọ́ yẹn ń kú lọ, ó da èérún irin sínú kọndẹ́ńsà. Àwọn tó gba iṣẹ́ náà kò fọ̀ ọ́. Wọn kò pààrọ̀ dráyà, agolo kékeré tó ń fa omi inú gáàsì mu. Nítorí owó agolo, kọ̀mpírẹ́sọ̀ odindi lọ sí i.

Ọ̀rọ̀ gáàsì tún kù. R12 ni wọ́n ṣe àwọn lọ́rì yẹn fún. Nítorí pé ó ń ba ìbòrí ojú ọ̀run tó ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn jẹ́, àwọn orílẹ̀-èdè tọwọ́ bọ̀wé ní Montreal ní 1987 láti dín in kù. Nígbà tó di 2010, irú orílẹ̀-èdè tiwa náà ní láti jáwọ́ nínú rẹ̀. R134a la fi rọ́pò rẹ̀ nínú àwọn lọ́rì wọ̀nyí. Ọ́ìlì R12 kò bá a rìn rárá. PAG tàbí ester ni tirẹ̀. Ẹ pààrọ̀ àwọn rọ́bà ẹnu páìpù, àti ọ́ọ̀sì bó bá ti gbó. Kọndẹ́ńsà tó tóbi sí i dára, nítorí prẹ́ṣọ̀ R134a máa ń ga nínú oòrùn. Ìwọ̀n rẹ̀ kò tó ti R12: ìdá 8 sí 9 nínú 10 ni. Kí ẹ tó rọ ọ́, kí páǹpù fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde fún ìdajì wákàtí ó kéré tán. Èmi máa ń jẹ́ kó pé wákàtí kan, wọ́n sì ń pè mí ní alọ́ra. Kí réwáyà náà wo bátìrì: bí kọ̀mpírẹ́sọ̀ bá jẹ́ ti 12 fóòtì, tí ọkọ̀ sì jẹ́ 24, yóò jóná.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ fetí sílẹ̀. R134a a máa hó ní ìwọ̀n 26 sísàlẹ̀ òdo. Mo rí ọmọ kan tó tú ọ́ọ̀sì nígbà tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀. Ìka rẹ̀ bó. Ọpẹ́ ni pé kì í ṣe ojú. Ẹ lo gíláàsì àti ìbọ̀wọ́. Ẹ má fi ọ́síjìn wẹ́lídà wá ibi tó ń jò: ọ́síjìn pẹ̀lú ọ́ìlì lè bú gbàù, nitrogen ni kí ẹ lò. Àwọn kan sì ń rọ gáàsì ìdáná sínú rẹ̀ torí ó dínwó. Ó ń tutù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà kí ó máa jò síbi tí awakọ̀ tánkà jókòó sí?

Ẹ̀yin awakọ̀, bí ẹ bá rí ọ́ìlì lẹ́nu páìpù, tàbí tí kò tutù mọ́, ẹ pa á, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀. Arákùnrin wa ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Déètì rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Mo fẹ́ kí Akọ̀wé fi ẹ̀dà ojú ìwé méjèèjì mọ́ lẹ́tà wa sí ọ̀gá, kí wọ́n dá owó oṣù rẹ̀ dúró ní odindi, kí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ náà látìbẹ̀rẹ̀: kọndẹ́ńsà, dráyà, ọ́ìlì, gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá ní irọ́ ni, kí wọ́n rán mẹkáníìkì tiwọn wá. Mo ti ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá wo èérún irin inú rẹ̀ kí ẹ tó lọ.